Ahọ́n Ràbíátù

Kò sí alátẹ àgbálùmọ̀ kan láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba tí kò mọ̀ pé ahọ́n Ràbíátù kì í ṣì. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, á lọ sínú oko, á tọ́ èso igi kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá dùn, á sanwó rẹ̀ fún olóko, á so àkísà pupa mọ́ ọn nídìí, gbogbo ohun tó bá sì já bọ́ lórí igi náà di tirẹ̀ títí àsìkò á fi tán. Àwọn alátẹ kì í tọ́ ọjà rẹ̀ wò kí wọ́n tó rà á. Wọ́n á ní èyí tí Ìyá Misbaudeen bá ti fẹnu kàn, ó parí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Àgbálùmọ̀ kì í jọ ìyá tó bí i. Èèyàn lè gbin kóró èyí tó dùn bí oyin, kí èyí tó máa so máa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ti inú igbó tó ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ tún wá burú jù, níbi tí ẹyẹ bá pọ kóró sí ló ń hù sí. Òmíràn tóbi bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, òmíràn rí ṣónṣó nídìí, òmíràn pọ́n dẹ̀dẹ̀ tó wuni lójú, ẹni tó bá gé e jẹ ni eyín á kan. Àfi kéèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún yìí, ahọ́n Ràbíátù kú. Ibà àti ọ̀fìnkìn kan ló dá a wólẹ̀, nígbà tó sì dìde, kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́. Ó rò pé yóò padà bọ̀ sípò. Ó yọ́ lá oyin nínú yàrá, ó jẹ ewúro tútù, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí lẹ́nu, bíi kéèyàn máa jẹ bébà. Ẹ̀rù bà á gan-an. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Misbaudeen ọmọ rẹ̀ pàápàá, torí bí àwọn alátẹ bá fi lè gbọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò gbà lọ. Ìyá tí wọ́n ń tìtorí ahọ́n rẹ̀ wá, tí ahọ́n náà ò sí mọ́, kí ló kù tí wọ́n ń wá ṣe?

Ká ní àwọn igi àtijọ́ tó ti mọ adùn wọn ṣì wà ni, kì bá ti ní wàhálà. Ṣùgbọ́n katapílà ti ya wọ oko tó ń rà tẹ́lẹ̀, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí. Aládùúrà kan lọ́nà Àkànràn, Baba Joseph, ló ránṣẹ́ pè é pé àgbálùmọ̀ wà nínú igbó òun, tí ẹnikẹ́ni kò rà rí. Igi tuntun, tí yóò sì tọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ro ó títí, ó wá ní, ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó mú Bushrah dání, ìyàwó Misbaudeen tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Ohun tí òun ò bá mọ̀ lẹ́nu, òun á kà á lójú ìyàwó.

Nídìí igi àkọ́kọ́, Ràbíátù ṣa èyí tó já bọ́, ó gé e jẹ, ó mi orí díẹ̀ bí ẹni tó ń gbé e yẹ̀ wò, ó wá na ìyókù sí Bushrah. Ọmọ náà kúnlẹ̀ gbà á, ó fà á mu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó dùn, Mà.”

Igi kejì náà dùn. Ẹ̀kẹta dùn gan-an, Mà. Ràbíátù tẹjú mọ́ ọn, kò rí kí ojú náà fún pọ̀. Baba Joseph tó dúró ti wọ́n la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé, torí kò sẹ́ni tí í ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Àkísà pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ Ràbíátù. Láti ìgbà tó ti ń wọ oko, kò rí igbó tí gbogbo igi rẹ̀ dùn rí. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi?

Ọjọ́ tí Bushrah kó ọjà náà dé láti oko, àwọn alátẹ yí apẹ̀rẹ̀ ká. Louisa tó ń tà ní Oríta-mẹ́rin ni òùngbẹ ń gbẹ, ló bá mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó mú òmíràn nínú apẹ̀rẹ̀ mìíràn, ó rọra tu ú dà nù. Ó béèrè lọ́wọ́ Ràbíátù bóyá òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ eléyìí wò.

Kí Ràbíátù tó dáhùn, alátẹ kan ti bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Ó ní ṣebí ìyàwó yìí ló lọ kó ọjà, ó dájú pé òun ló lọ ṣa ti abẹ́ igi tí wọn ò so àkísà mọ́. Gbogbo ojú yí sí Bushrah. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Ràbíátù. Ẹni tó lè gba ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ báyìí, kí ni kò ní pè ní dídùn?

“Ìyàwó,” ó ní, “lóko lọ́jọ́sí, ṣé ó dùn àbí ó kan?”

Bushrah wolẹ̀. “Ó kan, Mà. Mélòó kan péré ló dùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, tí ojú yín ò yí padà. Mo rò pé ẹ ń fi dán ìwà mi wò ni, bóyá màá fajú ro sí ohun tí ìyá ọkọ mi bá fún mi.”

Ràbíátù lè dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀bi ọ̀hún ti wà lórí ọmọ náà, àwọn alátẹ ti ń pòṣé sí i.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. “Èmi ni ahọ́n mi ti kú. N kò mọ adùn mọ́. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò.”

Louisa ní kí Ọlọ́run wo Ìyá Misbaudeen sàn, ó sì sọ ọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ ọjà lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Omijé lé ròrò sójú Ràbíátù, kò sì bò ó.

Ó jókòó ti ọjà rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó mú ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú, ó là á, ó nà án sí Bushrah. Ọmọ náà wò ó lójú kó tó gbà á. Ó fà á mu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ gan-an, èjìká rẹ̀ gbọ̀n, ó sì tu ú sílẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

Ràbíátù ti apẹ̀rẹ̀ náà sẹ́yìn, ó fa òmíràn súnmọ́ wọn kí Bushrah lè tọ́ ọ wò.