Korobá Ọ̀gá Wolé-wolé

Kí n tó rojọ́ kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ fún yín. Wolé-wolé ni mí. Ìjọba ló ń sanwó fún mi pé kí n máa wọ ilé onílé, kí n máa ṣí ìkòkò wò, kí n máa yọjú sí ṣáláńgá, kí n sì máa bá àwọn tó tó bí mi lọ́mọ wí nítorí ìdọ̀tí tó wà nínú gọ́tà wọn. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Bí mo bá ti yọ nígun àdúgbò báyìí, tí mo wọ bàtà òjò mi, tí mo fi korobá kékeré mi kọ́ apá, gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lójijì. Mo máa ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo dá omi.

Korobá yẹn, ẹ fọkàn sí i o. Irin ni, ó ń dán, okùn gígùn sì wà lára rẹ̀. Òun ni mo fi ń yẹ kànga wò. Màá jù ú sísàlẹ̀, màá fà á sókè, màá gbé omi náà sí ojú oòrùn, màá di ojú kan, màá mi orí bí ẹni tó rí nǹkan. Irọ́ ni, mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni màá rọ díẹ̀ sínú ìgò fún àwọn tó ń yẹ omi wò ní ọ́fíìsì wa. Kí n tó fa omi ní kànga tó bá kàn, mo máa ń ṣan korobá mi dáadáa. Ìmọ́tótó ni iṣẹ́ mi, àbí?

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá kan, mo jáde lọ yẹ àwọn kànga wò. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Òun ló ń wẹ̀ fún mi, òun ló ń nu imú mi. Iṣẹ́ ọmọ títọ́ yẹn náà ló sọ di òwò rẹ̀: àwọn òbí tó ń lọ síbi iṣẹ́ máa ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ fún un láàárọ̀, wọ́n á wá kó wọn nírọ̀lẹ́. Kò ní ọ̀nà àtijẹ mìíràn. Ó sì wá jẹ́ pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni àìsàn náà kọ́kọ́ mú. Èyí tó kéré jù nínú wọn dèrò ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí i lára.

Ọ̀gá mi pè mí. Ọ̀gá mi kì í pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà mí.

"Àwọn tó ń ṣàìsàn, kí ló pa wọ́n pọ̀?" ló bi mí. "Ṣé oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ ni, àbí omi kan náà ni wọ́n mu, àbí ẹnì kan náà ló ń fọwọ́ kàn wọ́n? Wá a rí. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tá ò mọ ibi tó ti wá, a máa ti ilé ọmọdé yẹn pa ni, kò tún ní ṣí mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni mo wí.

Kí àwọn èèyàn má baà sọ pé mo ń ṣe ojúsàájú, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi pé kí ẹnikẹ́ni má kó ọmọ wá títí a ó fi parí ìwádìí. Ẹ ò rí mi bí! Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn bí ọba tó ń tẹ òǹtẹ̀.

"Ìwọ!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké. "Ìwọ tí mo fi ẹnu fa ikun imú ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, òfin ni. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìka tèmi ló ṣẹ̀? Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ni."

"O ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, o sì ti gé e! Orí bíbẹ́ ti wá di oògùn orí fífọ́ nìyẹn."

Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Inú mi bà jẹ́ o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo gbé korobá mi, mo tẹ̀ síwájú.

Kànga àpatì kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò náà, lẹ́bàá ṣáláńgá kan tí òjò ti ya wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń mu omi rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, torí pé ojú rẹ̀ jọ ojú ọ̀daràn. Láti ibẹ̀ ni màá ti máa yà láti ilé dé ilé, kànga dé kànga. Ẹ wá wo nǹkan: bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ kára tó ni àìsàn ń tàn tó. Ilé tí mo bá dé lónìí, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wá ń rò ó pé àrùn náà ń sá fún mi, pé ó gbọ́ pé mò ń bọ̀. Èsì ọ́fíìsì jáde, wọ́n ní gbogbo kànga tí mo bu omi rẹ̀ wá ló ti bà jẹ́. Inú mi dùn! Mo ní, ẹ ò rí i pé mo mọ ibi tí ó yẹ kéèyàn wò?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, orí mi ti gbóná. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní títì láti ọjọ́ wọ̀nyí, àìsàn ò sì dáwọ́ dúró. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa: tó o bá ti wo àwọn tó ń ṣàìsàn títí tí o ò rí nǹkan, wo àwọn tí ara wọn le. Ìgbà yẹn ni mo wo ilé aránṣọ tó wà láàárín gbùngbùn àdúgbò náà. Ilé òsì ń ṣàìsàn, ilé ọ̀tún ń ṣàìsàn, ará ilé aránṣọ ń kọrin.

Mo fura sí i lójú ẹsẹ̀. Mo lọ dúró níwájú géètì rẹ̀, torí pé ajá rẹ̀ kò gbà kí n wọlé rí. Ajá yẹn kórìíra bàtà òjò mi.

"Ọ̀gá aránṣọ, kí lẹ̀ ń lò?" ni mo bi í lókè géètì. "Ṣé ẹ máa ń se omi yín ni?"

"Se kí ni? Omi kànga wa la ń mu bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ yín ńkọ́? Ṣebí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ?"

"Ibẹ̀ náà ló wà títí ẹ fi tì í. Ibẹ̀ ló ń jẹun, ibẹ̀ ló ń sùn, ẹ̀gbọ́n yín ló ń wẹ̀ fún un. Omi nìkan ni ìyá ẹ̀ máa ń dì fún un láti ilé, torí pé ó lè mu odidi àgbá omi kan, tó bá bẹ̀rẹ̀ kì í sinmi."

Oúnjẹ kan náà, ọwọ́ kan náà, ara ọmọ náà sì le. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Omi ni, kì í ṣe òun.

"Kí ló wá wọ inú kànga gbogbo ayé tí kò wọ inú tiyín?" ni mo bi í.

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Ajá mi ò jẹ́ kí ohunkóhun wọlé. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti dé ìdí kànga mi rí?"

Mo wo ajá. Ajá wò mí. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì wo korobá.

Mo ní mo máa ń ṣan án dáadáa, àbí? Òótọ́ ni. Mo máa ń jù ú sínú kànga tí mo fẹ́ẹ́ yẹ̀ wò, màá mì í jìgìjìgì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún títí á fi mọ́, lẹ́yìn náà ni màá fa omi ìgò mi. Inú omi tí àwọn èèyàn ń mu ni mo ti ń fọ omi ṣáláńgá kúrò lára irin láràárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òjò, kànga àpatì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìdí kànga ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ láti ibẹ̀, torí pé mo fẹ́ kó rí bí bàtà òjò mi ṣe ń dán.

Ẹ má rò pé èṣù ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ti korobá bọ ilẹ̀, kí n di ẹ̀bi ru òjò, ṣebí òjò ò lẹ́nu. Àmọ́ ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.

Mo pe àdúgbò jọ síwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe ọ̀gá mi náà. Mo gbé korobá sílẹ̀ láàárín wọn, mo sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Bàbá ọmọ tó wà ní ọsibítù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Torí náà, gbogbo bá a ṣe ń sá fún àrùn yìí, ìwọ là ń ṣí ilẹ̀kùn fún?"

"Èmi ni, sà."

Mi ò rí ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Ká ní ilẹ̀ lanu, mi ò bá wọlé, kí n yẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀gá mi ní kí n lọ gbé oògùn apakòkòrò wá. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì mí bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n sí kànga kọ̀ọ̀kan, torí pé oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn, tó bá ti kọjá ìwọ̀n, inú èèyàn náà ló máa jó. Ó ti hàn pé mi ò mọ ìwọ̀n ara mi, kí wá ni ti oògùn?

Èmi náà ni mo ya ìwé pupa kúrò lára ilẹ̀kùn. Àìsàn náà rọlẹ̀. Ọmọ tó wà ní ọsibítù padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òbí tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wá, mo lọ síbẹ̀. Mi ò wọ bàtà òjò. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Fọwọ́ ẹ ná," ló wí.

Mo fọ̀ ọ́ níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fọwọ́. Ó mú ọwọ́ mi, ó yí i padà, ó wo abẹ́ èékánná mi lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mi ò tíì ga tó ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ ń yọjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Kò mọ́. Tún un fọ̀."

Mo tún un fọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló ń bu omi lé mi lọ́wọ́.