Ohun Tó Ń Dùn Nínú Bísíkíìtì

Ó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí ẹnì kan ti jẹ bísíkíìtì tí ìyá káfíńtà kan fi pamọ́ de àlejò. Káfíńtà, ọmọ ọdún méje nígbà náà, ni wọ́n nà. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Látìgbà náà, kíkí tí wọ́n ń kí ara wọn kò kọjá orí ahọ́n. Egbò lè jinná, àpá rẹ̀ ló kù.

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bísíkíìtì tún délé. Dókítà eyín ní eyín méjì ti ń jẹrà lẹ́nu ọmọ-ọmọ káfíńtà, kí wọ́n má fún un ní ohun oníṣúgà mọ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà lọmọ náà máa ń wà tí ilé ìwé bá ti parí. Ìyá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: tí bàbá àgbà ò bá rí ìpápánu gidi tí ọmọ á jẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Káfíńtà ò mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe máa rí láìsí ọmọ yẹn.

Ọmọ kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹyin bíbọ̀, ó tu ìbẹ́pẹ dànù. Káfíńtà ò bínú. Ojú lásán kì í mọ inú igi, àfi kéèyàn lù ú kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó to oúnjẹ sórí pákó, ó ń fi pẹ́ńsù tó máa ń fi há etí sàmì sí èyí tí ọmọ bá jẹ. Kárọ́ọ̀tì tó sè, ọmọ ò wò ó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gé òmíràn ní tútù, ó fẹ́lẹ́ bí èérún igi, lọmọ bá ń rún un wómúwómú. Kárọ́ọ̀tì kan náà ṣá ni. Kí ló dé?

Àsìkò yẹn lẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó wá gba àga tó gbé wá fún àtúnṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni káfíńtà wí. "Kí ló ń dùn nínú bísíkíìtì gan-an, ṣúgà ni àbí ariwo rẹ̀ lẹ́nu? Tí mo bá mọ̀, mà á mọ ohun tí mà á rà lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n ní ta ló sọ fún un pé òun mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ní òun ò wá ìjà o, ìbéèrè lòun ń bi wọ́n. Òótọ́ sì ni lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà wo ọmọ títí, ó mú kárọ́ọ̀tì kan, ó rún un, ó dẹtí sí i.

"Ariwo ni," ó ní. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti jẹ ẹ́. Èyí tí mo fi itọ́ mú rọ̀ kí ìyá wa má baà gbọ́, kò dùn rárá. Èmi ni, àbúrò mi. Ìwọ ni wọ́n nà."