Kòkòrò Tó Ń Rán Ewé

"Miss Shirley, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e!"

Sìmíátù kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tó fi sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Shirley, ìyá onílé rẹ̀, ti gbé ayùn lé ìdí igi òdòdó tí Larry, ọkọ Shirley, gbìn sílé wọn ní Hyde Park nílẹ̀ òyìnbó kó tó kú. Ní ìrúwé ọdún 1984 yẹn, ewé ṣóńṣó igi náà lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fòwú rán wọn pọ̀.

"Àrùn ti wọ̀ ọ́, honey. Mi ò lè máa wò ó kó kú lójú mi."

"Bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé hospital, ṣé a máa ń gé e lẹ́sẹ̀ ká tó mọ ohun tó ń ṣe é ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Shirley. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

Sìmíátù tú ìdì ewé kan. Kòkòrò aláwọ̀ ewé, olórí dúdú, ló ká jọ sínú rẹ̀. Ó fi í sínú ìgò, ó gbé e tọ Juliana lọ, aládùúgbò wọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì.

"Àfòpiná ló máa dà," ni Juliana wí, "àmọ́ irú rẹ̀ pọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ni màá fi dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dàgbà."

Kòkòrò náà jẹ ewé títí ó fi sanra, ó fi ewé gbígbẹ bo ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ó dákẹ́. Nígbà tí òtútù dé, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, bí Juliana ṣe wí. Yìnyín bọ́, yìnyín yọ́. Sìmíátù àti Shirley, tí ìkíni lásán ló pa wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀, wá ń jọ mu tíì, wọ́n á sì lọ yọjú wo ìgò.

"Ó ti kú," ni Shirley máa ń wí.

"Ẹ ní sùúrù, Mà," ni Sìmíátù á fèsì, bẹ́ẹ̀ ọkàn tirẹ̀ náà kò balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ewé tuntun ń rú, igbe Shirley ló jí i. "Sìmí! Sáré bọ̀!"

Àfòpiná kékeré kan dì mọ́ ara ìgò. Ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹta, funfun sì wà láàárín rẹ̀.

Nígbà tí Juliana dé tó wò ó, inú rẹ̀ dùn. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Irú igi yìí ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á rán ewé, á jẹun, á sùn nígbà òtútù, á wá fò. Kì í pa igi. Ẹ kàn máa fọwọ́ já ìdì ewé náà."

Shirley ṣí ìgò, àfòpiná fò lọ.

Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì jọ ń já a. Ó ku ẹyọ kan. Sìmíátù nawọ́ sí i, Shirley dì í lọ́wọ́ mú.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Mo fẹ́ ká tún wò ó lọ́dún tó ń bọ̀."