Òwú Funfun Inú Apá Ìbíyẹmí

Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara tutù, ó sì ń mí. Ìbíyẹmí nà gbalaja sínú rẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ wà níwájú. Aránṣọ ni, ìka mẹ́ta sì ti kú lọ́wọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá rí ibi tí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka wá ti há nínú apá náà, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

“Gbogbo irin tó wà lára yín, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀,” ni Láníyọnu, ẹni tó ń ya àwòrán, sọ láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ó ti bọ́ yẹtí, ó ti bọ́ òrùka. Abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ àyà bùbá rẹ̀, bí àwọn aránṣọ ṣe máa ń ṣe, ló gbàgbé. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ yọ jáde. Ó ní, “Ọ̀gá mi, òòfà ń pè mí,” ó sì fò lọ gún ògiri ẹ̀rọ náà. Ìbíyẹmí ní ó dàbọ̀.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà, gbà, gbà, bíi máṣíìnì tí òróró ti gbẹ nínú rẹ̀. Àjà yàrá di gíláàsì, àwòrán apá rẹ̀ sì yọ síbẹ̀. Láníyọnu kọ́kọ́ pa awọ rẹ́, ó pa ọ̀rá rẹ́, ó pa ẹran àti egungun rẹ́, ó wá pa ẹ̀jẹ̀ náà rẹ́. Iṣan ìmọ̀lára nìkan ló ṣẹ́ kù, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, láti èjìká títí dé orí ìka. Ní ìgbọ̀nwọ́, ó ta kókó.

“A ti rí i! Ẹ má mira o, màmá.”

Inú Ìbíyẹmí dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa wò padà, ìyá rẹ̀ ló jókòó síbi tí Láníyọnu wà. Ìyá náà, tó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán, ti kú láti ọdún tí iná mànàmáná dé àdúgbò wọn. Ó fi téèpù kọ́ ọrùn. Kò kí i. Ó kàn ń yẹ àwòrán náà wò, bó ṣe máa ń yẹ aṣọ wò kí oníbàárà tó wá gbé e.

“Ìbíyẹmí, kí ni òwú ń wá níta báyìí? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?”

“Màámi, kì í ṣe òwú! Iṣan mi ni!”

“Ojú á tì mí bí oníbàárà bá rí i.”

Ó gba inú gíláàsì wọlé, ó sì di iṣan náà mú níbi kókó, nínú apá Ìbíyẹmí gan-an. Ìbíyẹmí rántí pé ìyá òun kì í fi àlùmọ́gàjí gé òwú tí iṣẹ́ bá parí. Eyín ló máa ń fi gé e.

Ìyá rẹ̀ tẹrí ba, ó gé e, gẹ́. Kò dùn ún rárá. Ohun tó já a láyà jù nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún náà já bọ́ sílẹ̀, ó dá dìde, ó sì tẹ̀ lé ìyá Ìbíyẹmí. Lẹ́nu ẹ̀rọ, ìyá náà fa abẹ́rẹ́ yọ lára ògiri rẹ̀, ó nà án sí ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà ki òwú funfun tó yọ lára rẹ̀ bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìka márààrún rẹ̀ yá ṣáṣá.