Òjò Kò Ní Wó Ilé Yìí

Eruku bọ́ sórí aṣọ ìgbéyàwó tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Aránṣọ fẹnu fẹ́ ẹ dànù. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ lé máṣíìnì padà tí ègé amọ̀ kan fi já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí páànù kan sì ké gbàà lókè orí.

"Ta ló wà lórí ilé mi?" ó pariwo.

Aláròyé, obìnrin tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ti sá dé ẹnu ọ̀nà. Ìnagijẹ yẹn bá a mu, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá ń sùn, ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ ní irọ́ ni, pé kì í sinmi nígbà yẹn náà. "Àǹtí, ẹ jáde wá wò ó! Wọ́n ti ṣí fìlà lórí ilé yín!"

Lóòótọ́ ni. Nígbà tí Aránṣọ fi máa dé ìta, ìdajì òrùlé ti ṣí sílẹ̀. Káfíńtà kan jókòó sórí igi àjà, ó ń fi òòlù fa ìṣó yọ. Àwọn páànù tó ti tú ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́bàá títì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ni káfíńtà wí látòkè, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

"Iṣẹ́ kí ni? Ta ló rán ẹ wá?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni, mà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ páànù."

"Páànù tuntun dà?"

Káfíńtà wo ọkọ̀, ó wo ilẹ̀, ó họrí. "Wọn ò tíì sọ ìyẹn fún mi, mà."

Aránṣọ gbójú sókè, ó rí i bí ojú ọ̀run ṣe ń ṣú bọ̀. Àsìkò òjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé alámọ̀ ni ilé yìí. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó sì kẹ́sẹ̀ sókè, àmọ́ amọ̀ kì í ṣe òkúta. Bí òjò bá ń rọ̀ sí i lórí tí kò sí òrùlé, kò ní pẹ́ yọ́ bíi ṣúgà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìjọba ti kan pátákó onírin kékeré kan mọ́ ògiri. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé ilé yìí wà nínú ìwé àwọn ilé àtijọ́, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o, kò sì gbọdọ̀ yí i padà. Pátákó yẹn ló ti ń ba nǹkan jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn olówó kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí i. Bí wọ́n ṣe rí pátákó báyìí ni wọ́n wọnú mọ́tò wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà dé láìpẹ́. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, tí kì í fẹ́ kí ẹ̀wù rẹ̀ rún. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó wo òrùlé, ó mi orí bí ẹni tí iṣẹ́ dùn mọ́ nínú.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Aránṣọ wí, "ẹ fẹ́ wó ilé Màámi."

"Ta ló ń wó ilé? Ṣé o rí katapílà níbí ni? Páànù tó ti dógùn-ún ni mo ní kí wọ́n tú. Ìjọba ló fún mi láṣẹ." Ó fọwọ́ lu àpò ẹ̀wù rẹ̀, níbi tí ìwé náà wà.

"Ìgbà wo lẹ máa kan tuntun?"

"Ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é."

"Òjò ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi kọ́ ni mò ń rọ òjò."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Aránṣọ kedere. Inú bí i gan-an. Ẹ̀gbọ́n rí i, ló bá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò mi, fetí sí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan pátákó yẹn, kí la rí níbẹ̀? A ò lè tà á. A ò lè tún un kọ́. Fèrèsé lásán-làsàn, a fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ó di ká máa tọrọ àṣẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bá tiwọn lọ. Mò ń darúgbó lọ o. Bí ilé bá ti ara ẹ̀ wó, wọ́n á pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ nínú ìwé wọn, ilẹ̀ á padà di tiwa. Ìpín tìẹ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Wàá gba ṣọ́ọ̀bù gidi, èyí tí eruku ò ní máa bọ́ sórí aṣọ oníbàárà."

"Mi ò fẹ́."

"Kí lo ò fẹ́ níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Olóríkunkun. Màámi ò kúkú purọ́ nígbà tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ yẹn."

"Màámi mọ̀ mí ju gbogbo yín lọ."

Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé ọkọ rẹ̀ tú, tí ó gbé máṣíìnì lérí, tí ó sì gbé àpò kan dání, ilé ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ilé òun ti kún. Ìyá wọn ló ṣí yàrá iwájú fún un, tí kò bi í ní ìbéèrè kankan títí tó fi sunkún tán. Inú yàrá yẹn náà ni ìyá kú sí, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí òjò wó yàrá náà lulẹ̀?

Aránṣọ kò dúró kí wọ́n tú páànù tó kù tán kó tó jáde. Ó sáré gba ọ́fíìsì àwọn ilé àtijọ́ lọ, òwú ṣì wà lára yẹ̀rì rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, tó wọ awò ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ya àwòrán ilé náà nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í sínú ìwé, nítorí náà wọ́n mọra. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Háà! Bọ̀ọ̀dá yín ti rí wa mú, mà. Àṣẹ láti tú òrùlé tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tọrọ, a sì fún wọn. Àṣẹ láti kan tuntun, wọn ò tọrọ ẹ̀. Mo ti wá rí i báyìí pé wọn ò ní tọrọ ẹ̀ láéláé."

"Ó ti yá. Ẹ fún èmi ní àṣẹ náà."

Òṣìṣẹ́ tẹ kọ̀ǹpútà, ó kàwé, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Orúkọ Bọ̀ọ̀dá nìkan ló wà níbí, mà. Àwọn nìkan ni onílé."

"Orúkọ ta?" Aránṣọ dìde dúró. "Ọmọ ìyá kan náà ni wá! Èmi ni mò ń gbé ibẹ̀! Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ẹ̀!"

"Mo mọ̀, mà. Ẹ lè fi orúkọ tiyín kún un. Ẹ máa mú ẹlẹ́rìí wá nínú ẹbí, ìgbìmọ̀ á jókòó. Ó máa tó oṣù mélòó kan."

"Òjò ò ní dúró de ìgbìmọ̀. Tí mo bá lọ ra páànù, tí mo kàn án ńkọ́?"

"Ẹ má dán an wò. Bọ̀ọ̀dá ló máa kọ́kọ́ fẹjọ́ yín sùn, dandan sì ni kí a ní kí ẹ tú u. Pákó, páànù, ìṣó, búlọ́ọ̀kù, ọ̀dà, gbogbo ẹ̀ ló ń gba àṣẹ."

Aránṣọ ń wo òwú tó lẹ̀ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀.

"Aṣọ ńkọ́?"

"Aṣọ bíi ti báwo, mà?"

"Aṣọ. Tí èèyàn bá wọ aṣọ fún ilé, ṣé ó gba àṣẹ?"

Òṣìṣẹ́ bọ́ awò, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó padà sí kọ̀ǹpútà, ó kàwé, ó tún un kà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ohun tí wọn ò bá kàn mọ́ ilé, kì í ṣe ara ilé. Bó ṣe wà níbí nìyẹn." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò sọ nǹkan kan o, mà."

"Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan," ni Aránṣọ wí, ó sì ti ń lọ.

Ibùdókọ̀ àwọn onílọ́rì ló yà sí. Ó ra gbogbo ògbólógbòó tapólì tí wọ́n ń tà níbẹ̀, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù kí òjò má bàa pa á. Nígbà tó kó o délé, káfíńtà ti tú páànù tó kẹ́yìn, ó sì jókòó sídìí ògiri bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Mà, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí," ó wí. "Àǹtí yìí ti ṣàlàyé fún mi."

"Mo ti bú u tán, Àǹtí," ni Aláròyé wí. "Kò kù síbì kan."

"Ó dáa," ni Aránṣọ wí. Ó sọ tépù sí káfíńtà láyà. "Ìwọ lo bọ́ ọ síhòòhò, ìwọ lo máa bá mi wọ̀n ọ́n. Gòkè."

Bí wọ́n ṣe wọn ilé nìyẹn. Wọ́n wọn èjìká rẹ̀, wọ́n wọn gígùn rẹ̀, wọ́n wọn ibi tí igi àjà ti dagẹ̀rẹ̀ níwájú. Aláròyé ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fi ilé ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé oníbàárà ni. "Ẹni yìí sanra o! Ṣé kò tilẹ̀ ní ìdí ni? Àǹtí, ṣé ká fi ìgbànú sí i?"

"Fi sí i. Kó di gírígírí."

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ìránṣọ ń kán lára tapólì. Wọ́n lọ yá máṣíìnì ẹni tó ń rán bàtà àti àpò, wọ́n gbé e sí àárín gbàgede. Aránṣọ ń rán an, Aláròyé ń fà á jáde ní òdìkejì, káfíńtà ń ká a jọ. Àwọn ará àdúgbò dúró láti wòran. Ẹnì kan béèrè pé ṣé orí obìnrin yìí pé. Obìnrin aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà kejì dá a lóhùn pé orí rẹ̀ pé ju ti baba ẹ lọ, ó sì ká apá aṣọ sókè, ó wá bá wọn fà á. Ẹlòmíràn tún dé. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, àwọn télọ̀ ti kún gbàgede, wọ́n ń jiyàn lórí ojú rírán: èyí ní kí wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ní kí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ po. Aránṣọ ní lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Wọ́n gbé e gorí ilé lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀sán gangan. Káfíńtà wà lókè, àwọn obìnrin wà nísàlẹ̀, wọ́n fa okùn títí tí aṣọ náà fi lẹ̀ mọ́ igi àjà pátápátá. Wọn ò kan ìṣó kan ṣoṣo. Wọ́n so okùn mọ́ àpò iyanrìn nílẹ̀ yí ilé po. Ẹ̀wù náà ò lẹ́wà, kí a má tan ara wa. Àwọ̀ rẹ̀ ò bára mu, orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́rì kan sì tún wà láyà rẹ̀. Aránṣọ wò ó, inú rẹ̀ dùn débi tí ó fi pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ gbé òjò dé ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Òjò yìí kò bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣe ló ya lulẹ̀. Aránṣọ jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ nínú yàrá iwájú, aṣọ ìgbéyàwó ti wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ padà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ó ń wo òkè. Tapólì ń wú, ó ń rọ̀, omi ń dún lára rẹ̀ gbìrìgbìrì. Aránṣọ fi ọwọ́ ra ògiri. Ògiri gbẹ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó rin gbingbin, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ti wà nínú mọ́tò lóde láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ń retí kí ilé wó.

"Tú nǹkan yẹn kúrò," ó wí. "O ti sọ mí dẹni yẹ̀yẹ́ láàárín ìlú. Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ pè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ilé mi ti wọ ẹ̀wù òjò."

"Àkàbà wà lẹ́yìn ilé, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ gòkè, kí ẹ tú u fúnra yín."

Ẹ̀gbọ́n wo ìta. Omi òjò ti bo gbogbo títì. Kò gbé ẹsẹ̀.

"Títí dìgbà wo?" ó béèrè. "Tapólì ni o. Á gbó, á ya."

"Tó bá ya, màá lẹ̀ ẹ́. Tó bá gbó, màá rán òmíràn. Iṣẹ́ mi ni." Ó yíjú sí i pátápátá. "Mo dé ọ́fíìsì àwọn ilé àtijọ́. Mo rí i pé ẹ fi orúkọ yín nìkan sínú ìwé. Ẹ ò fi tèmi sí i. Ó dùn mí o, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó dùn mí ju páànù lọ."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi kúrò létí ẹ̀wù rẹ̀.

"Lọ́la, ẹ ó tẹ̀lé mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹlẹ́rìí mi. Ẹ ó sọ fún wọn pé ìyá kan ló bí wa. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi á tọrọ àṣẹ páànù."

"Bí mo bá ní mi ò lọ ńkọ́?"

"Èmi á lọ. Lójoojúmọ́ ni màá máa lọ. Mi ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì ní fi ibí sílẹ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe máa ṣe é."

Òjò tún le sí i. Ẹ̀gbọ́n yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ń wá ibi tí yóò dúró sí. Omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò lórí aṣọ oníbàárà mi," ni Aránṣọ wí.

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.