Àpá Orí Oyèníran

"Jókòó jẹ́ẹ́, kò ní pẹ́," ni Jàfárù wí, ó sì ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú agolo tó gbé lọ́wọ́.

Oyèníran, àbúrò rẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọdé ni nígbà náà, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Làpálàpá ti jẹ iwájú orí rẹ̀. Jàfárù ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣájì bátìrì mọ́tò ní gáréèjì, ó sì ti gbọ́ níbẹ̀ pé kò sí làpálàpá tí omi bátìrì kò lè pa. Àwọn ọmọṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ìyẹ́ ra á sí ara wọn lápá, sí ẹsẹ̀. Ìyá wọn ti lọ sọ́jà. Jàfárù fi ìyẹ́ ra ojú làpálàpá náà díẹ̀, ó wò ó, kò rí i kó ṣe nǹkan kan. Ló bá da ìyókù inú agolo lé e.

Nígbà tí ìyá wọn dé, awọ orí ọmọ ti bó. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Jàfárù ní onígbàjámọ̀ tó fá orí fún wọn láàárọ̀ ni, pé abẹ rẹ̀ ló dọ̀tí. Oyèníran ń sunkún, ó ní irọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá Jàfárù ni. Ìyá gbá a létí. Ó ní ọmọ tó bá kéré báyìí tó ti ń purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ya òun lẹ́nu bó bá dàgbà. Nígbà tí onígbàjámọ̀ tún yà, gbogbo agboolé ló lé e bí olè, kò sì débẹ̀ mọ́.

Irun kò hù níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ojú àpá náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán. Láti ìgbà náà, Oyèníran kò yọ fìlà lórí, kò sì mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú.

Àwọn méjèèjì di ará Èkó. Jàfárù ṣí ṣọ́ọ̀bù bátìrì sí Ìkọ̀tún, Oyèníran di káfíńtà, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ Oyèníran, nítorí òun ni ìyàwó rẹ̀ ní sùúrù. Oyèníran ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún un bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò jẹun nílé rẹ̀ rí. Bí bátìrì Dátsùn rẹ̀ bá kú, yóò gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Jàfárù, yóò gbé e lọ ṣájì ní Akówọnjó. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Títí ọmọ wọn, bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé iná tó wà ní Akówọnjó dùn ju ti Ìkọ̀tún lọ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn jù ú lọ.

Ní ọdún 1992, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Akínlẹ́yẹ ti ìlú òyìnbó dé, ó sì ṣí ọsibítù kékeré kan sí Ẹ̀gbẹ́dá. Oyèníran ló ṣe àwọn ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó gbé fìlà láti nu òógùn, dókítà sì rí orí rẹ̀. Ó ní irú iṣẹ́ yẹn gan-an lòun kọ́ lókè òkun, pé a lè mú irun láti ẹ̀yìn orí gbìn síwájú. Bí Oyèníran bá lè bá òun ṣe kọ́bọ́ọ̀dù yàrá oògùn, òun yóò bá a ṣe orí. Inú Oyèníran dùn débi pé ó kan kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́nà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fi dún títí dòní.

Ìyá ló ní kí Jàfárù sìn ín lọ. Ó ní wọn kì í gbé èèyàn lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nílé àwọn kí àkọ́bí má dúró tì í. Oyèníran kò lè jiyàn.

Dókítà fọwọ́ kan àpá náà. "Bàbá Títí, kí ló ṣe ibí yìí? Ó yẹ kí n mọ̀."

 Oyèníran yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbá a létí ló ti pinnu pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní tẹnu òun jáde mọ́. Ẹni tó ni ín ni yóò sọ ọ́.

Jàfárù wúkọ́. "Abẹ ni, Dókítà. Abẹ onígbàjámọ̀ ló jẹ ẹ́."

Dókítà ní òun kò tíì rí abẹ tó ń jẹ èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó ní kí Jàfárù lọ dúró níta. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé gbogbo bí yóò ṣe lọ fún Oyèníran. Kò ní sùn. Ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀, ó tilẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀. Wọn yóò gé irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn yóò fún un lábẹ́rẹ́ káàkiri orí. Abẹ́rẹ́ yẹn ni yóò dùn ún jù, lẹ́yìn rẹ̀ orí yóò kú. Ìgbà náà ni òun yóò fi irin roboto kan mú irun tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́yìn, òun yóò lu ihò kéékèèké sójú àpá, òun yóò sì máa fi wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oyèníran rẹ́rìn-ín. "Dókítà, iṣẹ́ káfíńtà lẹ fẹ́ ṣe yìí. Bí a ṣe ń dí ojú ihò ara pákó nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ́ pákó lónìí," ni dókítà wí.

Ó tún sọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: orí yóò wú, ojú lè wú pẹ̀lú, èépá yóò bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun tí wọ́n gbìn náà yóò já dànù. Kó má bẹ̀rù nígbà náà, gbòǹgbò ti wà nísàlẹ̀. Yóò tó oṣù mẹ́ta kí èyí tó máa dúró tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Abẹ́rẹ́ náà dùn ún lóòótọ́, bí ìgbà tí ìjàlọ bo èèyàn lórí. Kò pẹ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó dà bíi pé orí ẹlòmíì lòun ń fọwọ́ kàn. Wọ́n dà á dojú dé. Ó ń gbọ́ irin náà bó ṣe ń yí nínú awọ, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń rìn lórí yanrìn, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn wá sẹ́bàá etí rẹ̀, nọ́ọ̀sì nù ún kúrò. NẸ́PÀ mú iná lọ. Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ó dúró títí jẹnẹrétọ̀ fi dún. Nọ́ọ̀sì fi àkókò yẹn bi Oyèníran bóyá ó lè bá òun ṣe bẹ́ẹ̀dì tí kò ní máa ké bí èèyàn bá yí ara padà. Ó ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí òun dìde lórí èyí ná. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fún un ní tíì àti búrẹ́dì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iwájú orí. Ó tilẹ̀ tòògbé díẹ̀.

Báńdéèjì funfun tí wọ́n wé fún un tóbi bíi láwàní. Ìyá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àlùfáà mi ti dé." Oyèníran jókòó sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú títí kò fi hàn mọ́, lẹ́yìn náà wíwú náà lọ sílẹ̀. Èépá gbẹ, ó ré. Irun náà wá dúró ní ìdì kéékèèké, bí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Oyèníran kò kúrò nídìí dígí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé irun náà ń bọ̀ wá já. Inú rẹ̀ ń dùn, kò sì rántí.

Jàfárù kò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má wá. Yóò gbé ọsàn wá, yóò wo orí náà, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì lọ. Ìyá ní òun kò mọ̀ pé Jàfárù fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ tó báyìí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Oyèníran fọ orí rẹ̀ tán ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi táwẹ̀lì funfun nù ún, irun sì kún ara táwẹ̀lì. Ìgbà yẹn ló rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Ó ń gbọn táwẹ̀lì náà nù jẹ́jẹ́ nígbà tí Jàfárù wọlé dé. Jàfárù wo táwẹ̀lì, ó wo orí àbúrò rẹ̀. Ó gbé ọsàn sílẹ̀.

"Ó ti ń jẹ ẹ́," ni ó wí.

Ìyá tó ń já ewúro lórí ẹní gbójú sókè. "Kí ló ń jẹ kí ni?"

"Ó ṣì wà nínú awọ ibẹ̀, Màmá. Mo mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà bi wá ló yẹ kí n ti sọ, bóyá ì bá mọ ohun tó máa fi fọ̀ ọ́."

Ìyá ní kó sọ ohun tó máa yé òun. Oyèníran la ẹnu láti sọ fún un pé kò sí ohun tó ń jẹ orí, pé bó ṣe yẹ kí irun náà já nìyẹn. Ó tún pa ẹnu dé. Ó fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká, ó fa àpótí, ó jókòó.

"Ẹ máa wí, Bọ̀ọ̀dá," ni ó sọ. "Mò ń gbọ́."

Jàfárù, tí ewú ti bo orí tirẹ̀, dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ láàárín ewé ewúro.

"Omi bátìrì ni, Màmá. Onígbàjámọ̀ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo da omi bátìrì sí Níran lórí, mo wá purọ́ mọ́ onígbàjámọ̀ náà. Níran sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbá a létí, mo dúró síbẹ̀, mò ń wò yín."