Ọtí Àjàrà tí Ṣìjúadé Tọ́ Wò

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ sún mọ́bí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹlẹ́mu ni mí kí orúnkún tó kọ̀ fún mi. Mo bá ara mi lórí òkè kan tí òtútù ẹ̀ ju ọyẹ́ lọ, wọ́n ní kí n fi àjàrà ṣe ọtí funfun. Mo fi igbà sídìí, mo fẹ́ gun igi. Igi ọ̀hún ò ga ju àyà mi lọ.

Àjàrà ní, "Bàbá, ibo lẹ̀ ń gùn lọ? Ẹ dúró nílẹ̀ kẹ́ ẹ ká mi."

Mo tọrọ àforíjì. Mo ká a, mo rọra fún un, mo yọ èèpo kúrò. Omi ẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Mo dà á sínú táǹkì irin.

Ọ́fíìsì kan bá léfòó dé orí mi. Ṣìjúadé ìyàwó mi, tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá, ló yọjú ní fèrèsé. Láyé ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń mu ẹmu mi láìjẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ní, "Bàbá Mọ́rádéyọ̀, tó bá dùn, màá sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa tó ti ọ́fíìsì o."

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ bu ú kíá, bí ẹmu àárọ̀. Táǹkì ní, "Mi ò tíì ṣetán. Nínú òtútù yìí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń hó. Ẹ lọ jókòó."

Mo jókòó. Irùngbọ̀n mi hù dé orúnkún. Ọ̀gá ọ́fíìsì gbé kọ́kọ́rọ́ jáde, ló bá di òbúkọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ẹnu, ó ń jẹ ewé àjàrà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Bó ṣe fẹ́ dáhùn, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó yí lọ sísàlẹ̀ òkè. Wọn ò rí ibẹ̀ tì mọ́.

Táǹkì ní, "Ó yá." Mo bu ú sí igbá, mo nà án sókè. Ṣìjúadé tọ́ ọ wò, ó dijú pinpin. Ẹmu tiwa, tó bá ti kan tó báyẹn, ta ló máa rà á?

Ó ní, "Ó kan díẹ̀. Kíkan yẹn gan-an ló mú un dùn. Ẹ gbà, ẹ mu tiyín." Ó wá gbé ẹsẹ̀ kan jáde lójú fèrèsé.

Ni mo bá jí. Aṣọ ti bọ́ lára mi, ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé. Mọ́rádéyọ̀ ọmọ mi dúró tì mí, ó gé àgbálùmọ̀ kan jẹ, ó dijú pinpin.

"Ó kan díẹ̀, Bàbá, àmọ́ ó dùn. Ẹ gbà."

Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo, mo sì ní kó tọ́ òmíràn wò fún mi.